Lọ́yà ni mí nílé. Ṣé kí n lọ ka JD pọ̀ mọ́ MBA ní Amẹ́ríkà?

Àdùkẹ́_Newark (Ọjọ́ Ajé, aago 10 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta, mi ò sì lè sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, torí wọ́n á ní ojú ń kán mi.

Ọdún márùn-ún ni mo fi ka ìmọ̀ òfin ní yunifásítì nílé, mo lọ sí Law School ní Bwari, wọ́n sì pè mí sí Bar, mo di lọ́yà, lọ́dún 2017. Mo ṣiṣẹ́ ní chambers kan ní Ìkẹjà kí n tó wá bá ọkọ mi níbí. Green card mi ti jáde. Báńkì kan ní Manhattan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ compliance: ẹni tó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì ńlá, èmi ni mo máa bi í níbi tí owó rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ náà kò burú, owó oṣù ń wọlé. Ṣùgbọ́n tí àwọn lọ́yà bá wá bá wa ṣèpàdé, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló yé mi, èmi náà ni mo sì máa dìde lọ ya fótókọ́pì fún wọn. Tí mo bá délé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kì í wọ̀ mí lẹ́nu.

Ọ̀gá mi kan ní kí n lọ ka JD (ìwé lọ́yà ti Amẹ́ríkà) àti MBA (ìwé okòwò) pa pọ̀, ọdún mẹ́rin, pé kò sí ibi tí wọn ò ní gbà mí sí lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ ọdún 33 ni mí, mo ní ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ọmọ_Ẹ̀gbá (Ọjọ́ Ajé, aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 20)

Lọ́yà, ẹ ti ka ọdún mẹ́fà, ẹ tún fẹ́ ka mẹ́rin sí i. Ṣé ìwé ni wọ́n fi ń jọba ní Newark ni? 😂

BàbáLọ́yà_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6 àárọ̀)

Ọmọ mi Àdùkẹ́, má dá Ọmọ Ẹ̀gbá lóhùn, kò tíì jẹun.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọ wíìgì lọ sí kọ́ọ̀tù ní Ìbàdàn yìí. Funfun báláú ni nígbà tí mo rà á, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ báyìí. Ẹni tí mo fẹ́ kí o wò ni Awólọ́wọ̀. Kí ó tó di lọ́yà, ó ti ra kòkó tà, ó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, ọjà sì dojú kọ ọ́ títí ó fi jẹ gbèsè. Nílé níbí ló jókòó sí tó fi ń kàwé nípa lẹ́tà, tó fi gba B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944. Ọdún yẹn kan náà ló rìnrìn-àjò lọ London lọ ka òfin, wọ́n pè é sí Bar ní Inner Temple ní 1946. Ẹ̀ẹ́kan náà kọ́ ló ka méjèèjì. Òwò ti kọ́kọ́ nà án kí ó tó ka ìwé òwò, ìyẹn ni ìwé náà ṣe wúlò fún un.

Ohun kejì: nígbà tí wọ́n kọ òfin ìwà àwa lọ́yà Nàìjíríà sílẹ̀ ní 2007, wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa ra ọjà tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ Bar, kò sì gbọdọ̀ bá ẹni tí kì í ṣe lọ́yà da iṣẹ́ lọ́yà pọ̀. Ọkàn àwa àgbà kò tíì kúrò níbẹ̀. Tí o bá padà wálé, ara ògiri ni o máa gbé MBA yẹn kọ́.

Àkànní_Chicago (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2 ọ̀sán)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ò sọ pé òun ń bọ̀ wálé lọ́la.

Àbúrò, mo ní méjèèjì, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. JD nìkan jẹ́ ọdún mẹ́ta, MBA nìkan jẹ́ méjì. Tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, ilé-ìwé òfin á ka díẹ̀ lára kọ́ọ̀sì okòwò mọ́ tiẹ̀, ilé-ìwé okòwò náà á ṣe bákan náà, ọdún kan á sì yọ níbẹ̀. Bí Harvard ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọdún mẹ́rin. Northwestern tó wà níbí ń fi ọdún mẹ́ta ṣe é, Penn náà ní ti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ní Penn, ìwé á gba ìgbà ooru rẹ kan. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni o máa kún ní Northwestern, ìdánwò àtiwọlé GMAT tàbí GRE ni wọ́n sì ń wò, LSAT tí àwọn ilé-ìwé òfin ń lò kò pọn dandan. Rutgers tó wà nínú Newark, níbi tí o ń gbé gan-an, ní JD pọ̀ mọ́ MBA.

Ọdún kìíní ní ilé-ìwé òfin kì í fún èèyàn láàyè kankan. Contracts, torts, property, ohun tí o ti kọ́ nílé ni wọ́n tún máa kọ́ ọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ló yàtọ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n á kàn dédé pe orúkọ rẹ láàárín ọgọ́rin èèyàn pé kí o sọ ohun tí adájọ́ sọ àti ìdí tó fi sọ ọ́. Wọ́n pe orúkọ mi ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n ò pè é dáadáa, mo sì dákẹ́ bí ẹni pé èmi kọ́.

Ibi tí méjèèjì ti wúlò fún mi rèé. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, à ń bá oníbàárà wa kan ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Aago kan òru ti lù. Nínú irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀, ibì kan máa ń wà tí wọ́n máa kọ pé tí owó tí ilé-iṣẹ́ fi ń yí ọjà, tí wọ́n ń pè ní working capital, bá dín sí iye kan lọ́jọ́ tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó rà á, owó tí wọ́n máa san náà á dín. Wọ́n á tún kọ pé wọ́n máa yọ gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ yìí ti san owó ọdún kan sílẹ̀ fún àtúnṣe ẹ̀rọ tí wọn ò tíì ṣe fún wọn. Báwo ni kí wọ́n ṣe ka owó àsansílẹ̀ yẹn? Lọ́yà tó jókòó sọ́tùn-ún mi ń wá kọ́mà. Ọmọ báńkì tó wà lórí fóònù ń wo Excel, kò ka gbólóhùn kankan nínú ìwé. Mo ka ìwé, mo wo Excel, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ owó kan náà: wọ́n pè é ní gbèsè lójú ewé kan, wọ́n tún fi dín working capital kù lójú ewé mìíràn. Oníbàárà wa ni ì bá pàdánù rẹ̀.

Ọ̀gá mi ò sọ ju "ó dáa" lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, fáìlì tó bá ti ní òǹkà nínú, orí tábìlì mi ló ń bọ̀.

Ṣé MBA ló kọ́ mi? Kọ́ọ̀sì àkáǹtì kan ṣoṣo ló kọ́ mi. Nínú ìyókù, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu wáìnì pẹ̀lú àwọn tí èèyàn ò mọ̀ rí.

Ọmọ_Ẹ̀gbá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 15)

Kíláàsì wáìnì! Bàbá mi fi ẹmu kọ́ àwa lọ́fẹ̀ẹ́.

ÌyáÌbejì_Houston (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9 alẹ́)

Àdùkẹ́, kí o tó san kọ́bọ̀ fún LSAT tàbí GMAT: ta ló sọ fún ọ pé o nílò JD kí o tó lè di lọ́yà ní New York?

Òfin Nàìjíríà, inú common law, ètò òfin ti Gẹ̀ẹ́sì, ló ti jáde. Ẹni tó bá lọ sí yunifásítì tí ìjọba fọwọ́ sí, tó fara jókòó ka LL.B. (oyè òfin àkọ́kọ́ bíi tìrẹ) fún iye ọdún tó tó ti Amẹ́ríkà, New York lè jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò Bar wọn láìka LL.M. (oyè òfin kejì), ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ JD. Bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn. O máa kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìgbìmọ̀ wọn tó wà ní Albany kí wọ́n yẹ ìwé rẹ wò, wọn ò sì ń kánjú. Tí wọ́n bá ní ó yá, ìdánwò ọjọ́ méjì ni, February tàbí July, $750 ni ẹni tó kàwé lókè òkun ń san, máàkì 266 lo gbọ́dọ̀ ní. MPRE, ìdánwò lórí ìwà lọ́yà, tún wà lọ́tọ̀, àti wákàtí 50 tí o máa fi ṣiṣẹ́ òfin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí kò lówó.

Houston ni mò ń gbé, ìwé New York ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́, torí iṣẹ́ ìwé ìgbélùú jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ tó wù kó fún ọ níwèé lo lè fi ṣe é.

Ìdánwò yẹn ò dùn o. Mo gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìbejì ò tíì pé ọdún kan nígbà náà, orí tábìlì ilé ìdáná ni mo ti ń kàwé láti aago mẹ́rin ìdájí, fìlà òtútù lórí mi, kí n má baà tan híítà kí wọ́n jí.

Èyí tó dá mi lágara jù ni transcript, ìwé máàkì mi ní yunifásítì. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí Albany, wọn ò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo rán àbúrò mi ọkùnrin lọ sí ibi tí mo ti jáde. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹni tó ń fọwọ́ sí i ti lọ síbi òkú. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò síná. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní fáìlì mi wà nínú yàrá kan tí ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Àbúrò mi ra búrẹ́dì àti mínírà, ó jókòó ti màmá akọ̀wé kan láti àárọ̀ títí di aago mẹ́ta. Abẹ́ fáànù tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti rí fáìlì náà.

Àdùkẹ́_Newark (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka èyí. Ọdún mélòó ni mo ti wà níbí tí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi!

Ṣùgbọ́n ìwé New York nìkan, ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́yà ńlá wọ̀nyí á gbà mí? Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ sọ òótọ́.

Àkànní_Chicago (Ọjọ́rú, aago 12 ọ̀sán)

Òótọ́ lo fẹ́? Ó ṣòro. Àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ni ìwé Bar fún ọ, kò fún ọ níṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í dúró de ẹni tó yege Bar kí wọ́n tó gbà á. Inú ilé-ìwé JD ni wọ́n ti ń lọ mú ọmọ: wọ́n á gbà ọ́ fún ìgbà ooru tó tẹ̀lé ọdún kejì, tí o bá ṣe dáadáa, wọ́n á ní kí o padà wá lẹ́yìn ìwé. Àwọn mìíràn ti ń yan ọmọ kí ọdún kìíní tó parí pàápàá. Ẹni tí kò bá gba ọ̀nà yẹn wọlé, ọ̀tọ̀ ni ẹnu ọ̀nà tó máa kàn: ilé-iṣẹ́ kékeré, ọ́fíìsì ìjọba, tàbí ẹ̀ka òfin nínú ilé-iṣẹ́ okòwò. Ìwọ sì ti wà nínú báńkì. Má fojú kéré ìyẹn.

Èmi ò rò pé o nílò méjì lẹ́ẹ̀kan. Ilé-iṣẹ́ lọ́yà ò ní fi ìlọ́po méjì owó wá ọ torí MBA. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa kúrò nídìí òfin ni MBA ń gbé. Mitt Romney gba méjèèjì ní Harvard ní 1975, kò sì ṣiṣẹ́ lọ́yà, iṣẹ́ ìmọ̀ràn okòwò ló bá lọ. Nínú àwọn tá a jọ kà á, ọ̀pọ̀ ni kò dé kọ́ọ̀tù rí, tí wọ́n sì ń san gbèsè JD títí dòní.

Tí ọkàn rẹ bá ṣì wà lára JD, béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé bóyá wọ́n á ka LL.B. rẹ sí i. Òfin ABA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, gbà kí wọ́n ka èyí tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé-ìwé ló kù sí, àwọn mìíràn ò sì ń fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Alákàńtì_Dallas (Ọjọ́rú, aago 7 alẹ́)

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ láti àná, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ owó. Ṣé ẹ̀yin lọ́yà ń fi àdúrà san school fees ni?

Ní àwọn ilé-ìwé ńlá, owó ilé-ìwé nìkan lé ní $70,000 lọ́dún. Ọdún mẹ́rin, ó lé ní $280,000, ẹ ò tíì san owó ilé, ẹ ò tíì san owó ẹni tó máa bá yín wo ọmọ. Ẹ tún fi owó oṣù báńkì ọdún mẹ́rin kún un. Tí ẹ ò bá kọ ìyẹn sínú ìṣirò, ẹ ò tíì ṣe ìṣirò.

Ẹni tó ní green card lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, ìyẹn dáa. Àmọ́ wọ́n ti yí i padà nínú òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2025. Láti July 1, 2026, Grad PLUS tí èèyàn fi ń yá gbogbo owó ilé-ìwé rẹ̀ kò sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ka JD, $50,000 lọ́dún ló mọ, gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju $200,000 lọ. MBA kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn: $20,500 lọ́dún, kò gbọdọ̀ ju $100,000. Ẹni tó wá so méjèèjì pọ̀, kó béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, èwo ni wọ́n máa ka òun sí lọ́dún tí òun bá wà ní ìhà okòwò. Àlàfo tó bá kù, báńkì aládàáni ni ẹ máa tọ̀ lọ, ẹ sì mọ èlé wọn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣẹ́gun_Peckham (Ọjọ́rú, aago 11 alẹ́)

Ẹ kó ẹrù yín máa bọ̀ ní London jàre. Láti September 2021, ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní SQE la fi ń di solicitor, irú lọ́yà kan níbí. Ẹni tó ti jẹ́ lọ́yà nílé kò ní ṣe iṣẹ́ ọdún méjì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù. SQE1, SQE2, ó parí. Owó ìdánwò wọ́n ṣá o, mi ò ní parọ́.

Bàbá Ìbàdàn, láti ìgbà òfin Legal Services Act ti 2007, ẹni tí kì í ṣe lọ́yà lè ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ lọ́yà níbí.

BàbáLọ́yà_Ìbàdàn (Ọjọ́bọ̀, aago 6 àárọ̀)

Ẹni tí kì í ṣe lọ́yà á wá ní ilé-iṣẹ́ lọ́yà? Tó bá wá ní kí n fi oníbàárà sílẹ̀ torí owó, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a wí? 2007 tí àwa ń ti ilẹ̀kùn ni àwọn ń ṣí i.

Àkànní_Chicago (Ọjọ́bọ̀, aago 8 àárọ̀)

Bàbá, ó ti dé Amẹ́ríkà náà o. Arizona ṣí i sílẹ̀ láti 2021, wọ́n sì fún KPMG, àwọn oníṣirò owó, láṣẹ níbẹ̀ ní February 2025. Ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù ṣì ń sọ ohun tí ẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá ṣí i, ẹni tó mọ òǹkà tó sì mọ òfin á rí iṣẹ́ ṣe.

BàbáLọ́yà_Ìbàdàn (Ọjọ́bọ̀, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 10)

Ẹni tó mọ òǹkà. O ò sọ pé ẹni tó ní MBA. Mo ti gbọ́.

Ọmọ_Ẹ̀gbá (Ọjọ́bọ̀, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 11)

Bàbá ti borí! Objection, my Lord! 😂

Àdùkẹ́_Newark (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún)

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Iṣẹ́ ló dì mí mú, ọmọ sì ṣàìsàn díẹ̀, ara rẹ̀ ti yá.

Èmi àti ọkọ mi jókòó pẹ̀lú ìṣirò Alákàńtì. Nígbà tá a dé orí owó oṣù ọdún mẹ́rin, ọkọ mi dìde lọ mu omi, kò sì tètè padà. A ti gbé ọ̀rọ̀ MBA jù sílẹ̀. JD, mi ò tíì lè sọ pé rárá. Mo kọ̀wé sí ilé-ìwé méjì nípa LL.B. mi, ọ̀kan ní kò sí ohun tó jọ ọ́, èkejì ní kí n kó ìwé mi wá ká jọ wò ó.

Mo ti fi fọ́ọ̀mù Albany ránṣẹ́. Mo sì forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì àkáǹtì kan ní community college, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, torí ọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n Àkànní sọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún 19 ló jókòó tì mí, ó ń pè mí ní ma'am, ó sì ń wo ìdáhùn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dé orí owó tí oníbàárà san ṣáájú. Tíṣà béèrè bóyá ohun ìní ni àbí gbèsè. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́.

BàbáLọ́yà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Tí mo bá padà wálé, màá wá wo wíìgì yẹn.

Transcript ló kù. Ọkùnrin kan tó ní òun máa bá mi sáré ẹ̀ gba ₦40,000, kò gbé fóònù mọ́. ÌyáÌbejì, ẹ jọ̀ọ́, irú búrẹ́dì wo ni àbúrò yín rà?

ÌyáÌbejì_Houston (ní alẹ́ ọjọ́ yẹn)

Búrẹ́dì Àgége, ó ṣì gbóná. Mínírà méjì, kó jẹ́ Fanta. Àbúrò mi ṣì wà ní agbègbè yẹn, màá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ níkọ̀kọ̀.